Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ kan ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ̀rọ mi jí, èmi náà sì tún ń ránṣọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo bá wá, pàápàá fún ẹ̀yin aránṣọ tẹ́ ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè ẹ̀, títí dé Ìkòyí àti Orílé-Igbọ́n, kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀yọ́ tẹ́ ẹ lè fara da ọ̀nà yẹn. Bàbá kan wà lágbègbè Tákíé tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ bá wọn. Mo ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù báyìí, ẹni tó bá ń kánjú lè dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ráyè kó fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa tẹ́ ẹ wá pa á tì nítorí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí yín, torí yín gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́ o, wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀, mi ò sì mọ̀ wọ́n rí kí n tó gbé ẹ̀rọ lọ.

Ká tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe di òkú. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń ránṣọ. Òun ló mọ aṣọ gé jù, èmi ni mo mọ̀ ọ́n rán jù, tó bá ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i tó gé e tán, èmi á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kọ́sítọ́mà ò sì ní mọ̀ láéláé pé ọwọ́ méjì ló ṣe é. Nígbà tí àbúrò mi yìí kú, mo kó aṣọ àwọn èèyàn fún wọn, mo dá owó àwọn tó ti san díẹ̀ sílẹ̀ padà, mo gbé ẹ̀rọ wálé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Èrò mi ni pé tá a bá ti ṣe ogójì ọjọ́ tán, mà á padà. Ogójì ọjọ́ pé, mi ò padà. Ọdún yí po, ọdún ń gorí ọdún, ilẹ̀kùn wà ní títì, nígbà tó yá lọ́ńdìlọ́ọ̀dù fi ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹlòmíì tó ń ta káàdì.

Mi ò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ mọ́, mo kúrò nínú kwáyà. Fóònù á máa dún, mà á máa wò ó títí tó fi máa dákẹ́, mà á wá dojú ẹ̀ bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Ṣọ̀ún tuntun jẹ lọ́dún 2023, ẹ rántí bí ìlú ṣe rí, gbogbo ẹbí, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ra àǹkóò, àwọn aránṣọ ò rí oorun sùn, àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ ń ránṣọ mọ́jú, àwọn kọ́sítọ́mà mi àtijọ́ wá kanlẹ̀kùn nílé pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, mo ní kí àwọn ọmọ sọ fún wọn pé mi ò sí nílé. Mo wà nínú yàrá, mò ń gbóhùn wọn.

Kì í ṣe pé mò ń sunkún lójoojúmọ́ o, ẹkún ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Nǹkan míì ló kúrò lára mi, òun ni mo fẹ́ kó yé yín. Aránṣọ tòótọ́, ojú ẹ̀ kì í sinmi. Tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn aṣọ ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ló ń kà, á ti rí i pé síìpù yẹn wọ́, pé dáàtì ọwọ́ òsì ga ju ti ọ̀tún lọ, pé ẹni tó fi apá sí bùbá yẹn mọ iṣẹ́, ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kọ́wọ́ ẹ̀ rọ. Bẹ́ẹ̀ lojú tèmi ṣe ń ṣe látìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́. Èmi àti àbúrò mi á máa fẹsẹ̀ tọ́ ara wa lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí aṣọ tó dáa bá kọjá. Ó wá dọjọ́ kan tí mo ń wo aṣọ tí mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Aṣọ ni, ó bo èèyàn lára, ó tán. Ọ̀rẹ́ mi kan fà mí lọ sí Ọjà Jagun láti lọ wo léèsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, léèsì tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ mà á ti máa yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, mà á ti máa bi wọ́n ní iye yáàdì, mo wò ó, mo ní ó dáa, mo padà sílé. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ẹkún lọ.

Àwọn èèyàn gbà mí níyànjú, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n gbà fún Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò sí èyí tó sọ ìsọkúsọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbi tí mo jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ èyí síbí: ẹni tí kò bá rí oorun sùn mọ́, tí oúnjẹ ò lọ, tó ń rò ó pé ikú sàn fún òun jù, ọsibítù ni kó kọ́kọ́ lọ, kó sọ fún dókítà bó ṣe ń ṣe é gan-an, kó má sọ pé ó kàn rẹ òun ni. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni gbé ẹ̀rọ lọ sí Tákíé dípò ìyẹn.

Ọmọ àbúrò mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó wọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, a dúpẹ́. Nínú àpótí ìyá ẹ̀ la ti rí àlàárì kan, ojúlówó aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, pupa tó jinlẹ̀, ìyá ẹ̀ ti rà á kò tíì rán an. Ọmọ náà gbé e wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó gbé e sílẹ̀.

Mo wá lọ ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Butterfly alẹ́sẹ̀ ni, dúdú, àwọn àwòrán aláwọ̀ wúrà wà lára ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáńgáì ní Ṣáínà tí ẹ̀ẹ́ bá nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló tà á fún mi nígbà tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù. Mo di wíìlì mú kí n yí i, kò yí. Ó le bíi pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rọ ọ́. Bẹ́líìtì awọ ẹ̀ ti gbẹ, ó ti já, àjákù ẹ̀ ni mo bá nílẹ̀.

Ẹnì kan wà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tí wọ́n júwe fún mi, òun ló kọ́kọ́ wá wò ó. Kò ṣí i o, kò tú sukúrúù kan. Ó fìka tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, kí n jẹ́ kóun bá mi gbé e fún àwọn tó ń ra ajákù irin, kí n lọ ra tuntun, ó tiẹ̀ ti ń dárúkọ iye tí wọ́n máa san. Inú bí mi gan-an nígbà tó lọ tán, ó sì ti pẹ́ tí nǹkan kan ti bí mi nínú bẹ́ẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú àwọn tí kò yéé yà wò mí bí mi ò tiẹ̀ dá wọn lóhùn, ni mo sọ ọ́ fún, wọ́n ní, “Má dá a lóhùn jàre. Gbé e lọ bá bàbá Tákíé. Orí ẹ̀ nìkan ni kó o gbé, fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sílé.”

Ìyẹn náà ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, orí ẹ̀rọ nìkan lẹ máa gbé, wọ́n ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń dán an wò níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà ò ní sáìnbọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ́ rí àwọn orí ẹ̀rọ tó tò jọ síta lórí tábìlì, Singer àtijọ́, Butterfly, Two Lion, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tàbí méjì, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì wà níbẹ̀ tọ́wọ́ wọn dúdú. Bàbá á wà nínú lọ́hùn-ún, wọ́n wọ jígí, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn, ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Wọ́n fọwọ́ nu eruku kúrò lójú ẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀ níbi tí wọ́n ń ro ọ́ìlì sí, wọ́n ní, “Ìyá, ẹ̀rọ yìí ò kú. Jíjókòó ló jókòó. Ọ́ìlì inú ẹ̀ ló ti dì, ó ti di oje. Kò sí irin tó ṣẹ́ níbẹ̀.”

Mo bi wọ́n léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ nígbà tí wọn ò tíì tú u. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí nǹkan bá ṣẹ́ nínú ẹ̀ á yí díẹ̀ kó tó kọ́ nǹkan, èyí ò tiẹ̀ mira rárá, gbogbo ibi tí irin ti ń pàdé irin ló dì pọ̀. Wọ́n wá ní kí n má lọ tí mo bá ráyè, kí n jókòó kí n wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́dọ̀ bàbá yìí nìyẹn, wọn kì í gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá tú, wọ́n á fi hàn ẹ́.

Wọn ò fi òòlù kàn án. Wọ́n ní òòlù ló ń pa irú ẹ̀rọ yìí, torí irin tí wọ́n yọ́ dà ni, kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké tọ́ sí gbogbo ihò tí ọ́ìlì ń gbà, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á dì í mú wọ́n á gbìyànjú díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á lọ ṣe ẹ̀rọ ẹlòmíì, wọ́n á tún padà wá. Kò pẹ́ púpọ̀, wíìlì mira bíi ìwọ̀n ìka kan. Bàbá ò ṣe bí ẹni tó rí nǹkan, wọ́n kàn tún ta kẹrosíìnì sí i. Ó di ọjọ́ kejì kó tó yí po, àwọn ni wọ́n pè mí lórí fóònù, mo sì gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tú ìsàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n yọ ṣọ́tùlù jáde, irin abẹ́ ẹ̀rọ tó máa ń gbá òwú abẹ́rẹ́ mú, wọ́n fi hàn mí, òwú kan ti lọ́ mọ́ ọn níbẹ̀, òwú aláwọ̀ ewé, mo mọ aṣọ tá a fi ń rán, èmi àti àbúrò mi la jọ ń ṣe é lọ́wọ́. Mo dákẹ́. Bàbá fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní idọ̀tí òwú àti eruku aṣọ tó máa ń kó sábẹ́ eyín tó ń fa aṣọ, òun ló máa ń jẹ́ káwọn aránṣọ rò pé eyín náà ti kú, wọ́n á lọ ra tuntun nígbà tó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ló fẹ́. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ro ó jáde, ó pọ̀ débi pé ó di odidi kan.

Nígbà tí wọ́n tò ó padà, ó ń fò. Ẹ̀yin aránṣọ mọ èyí, á rán mẹ́ta á fo kan. Bàbá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa, ó sì wù mí kẹ́ ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n torí ọ̀pọ̀ wa ló ń rán láti kékeré tí a ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ti wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, òwú ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń tú díẹ̀, á ká bí òrùka kékeré. Imú ṣọ́tùlù gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an, díẹ̀ lókè ojú abẹ́rẹ́, kó gbá òwú yẹn mú, kó gbé e yí bọ́bìnì tí òwú ìsàlẹ̀ wà lára ẹ̀ ká, kí òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè so mọ́ra láàárín aṣọ. Tó bá yá jù, tó bá pẹ́ jù, ó ti fò nìyẹn. Irin tó di abẹ́rẹ́ mú ló ti yọ̀ sókè díẹ̀ lára tèmi. Wọ́n tú sukúrúù ẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n fọwọ́ yí i, wọ́n wò ó, wọ́n tún sọ̀ ọ́, títí tó fi bára mu. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ yìí ń gbà rán ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀rọ ayé Isaac Singer tó gba ìwé àṣẹ tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1851, abẹ́rẹ́ lókè, ṣọ́tùlù nísàlẹ̀, irin ni gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n fi lè tún un ṣe títí ayé. Bàbá ní èyí tó ní ike àti bọ́ọ̀dù iná nínú làwọn máa ń sọ fún èèyàn nígbà míì pé kò sí nǹkan táwọn lè ṣe sí i.

Iye tí mo san: ₦8,000 fún iṣẹ́ ọwọ́, ₦2,500 fún ilé bọ́bìnì tuntun torí èyí tó wà níbẹ̀ ti jẹ, ₦1,500 fún bẹ́líìtì awọ. Wọ́n gé bẹ́líìtì náà gùn díẹ̀ fún mi, wọ́n kọ́ mi bí mà á ṣe wọ̀n ọ́n lára ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nílé kí n tó fi wáyà ẹ̀ de e pọ̀. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́tùlù, wọ́n ní rárá, èyí tó wà níbẹ̀ ṣì dáa ju tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Mo ní kí wọ́n fi mọ́tò sí i, wọ́n ní àwọn lè fi sí i tí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n iná wo ni mo fẹ́ fi lò ó, kí n fi ẹsẹ̀ wà á ná. Oníṣẹ́ tó ń kọ owó báyìí ò pọ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí wàyí. Mo rò pé wọ́n á dán an wò, wọ́n á fún mi, mà á lọ. Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n fi òwú sí i, wọ́n gbé àga síwájú ẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ jókòó kẹ́ ẹ rán an.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi dán an wò.”

Wọ́n ní, “Èmi kì í ṣe aránṣọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń dán an wò níbí. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín tí kò rìn, ẹjọ́ ta ni?”

Mo ní ó ti pẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ju àkísà ankará kan sí mi, wọ́n lọ jókòó ti iṣẹ́ tiwọn, wọn ò wojú mi mọ́.

Mo jókòó. Ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ mọ̀ pé téèyàn bá kàn tẹ pẹ́dàlì, ó lè yí sẹ́yìn, òwú á já, ọwọ́ lèèyàn ń kọ́kọ́ fi sọ wíìlì síwájú kí ẹsẹ̀ tó gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti sọ wíìlì kí n tó rò ó. Ẹsẹ̀ mi gbà á. Ó dún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìró yẹn! Ìró tí mo gbọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún gbogbo ọjọ́ ayé mi, tí mi ò mọ̀ pé etí mi ń ṣàfẹ́rí ẹ̀. Mo rán ilà kan, mo yí i, mo rán òmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, òwú òkè ń ta díẹ̀ níbẹ̀, mo sún tẹ́ńṣọ̀n òkè, èyí tó ń fa òwú le, le sí i láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo tún rán, ó jókòó. Nígbà tí mo gbójú sókè, àkísà náà ti kún fún ilà, kò sí ibi tí mo lè rán sí mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ dúró tì mí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ dákun, àpò ṣòkòtò mi ya.” Mo ní kó lọ pààrọ̀ ẹ̀ kó gbé e wá. Mo fi aṣọ sí abẹ́ ẹ̀, mo rán an po ní ìlọ́po méjì, mo já òwú ẹ̀ dànù. Bàbá gbà á, wọ́n fà á wò, wọ́n ní, “Oníṣẹ́ ni yín.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti rò ó títí, ìdí tí jíjókòó yẹn fi ṣe nǹkan tí ìyànjú ò lè ṣe. Lójú tèmi o, gbogbo ẹni tó wá bá mi nílé, ẹni tí nǹkan ṣe ni wọ́n wá wò. Wọ́n fẹ́ràn mi, àánú mi ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n bá òun ṣe nǹkan kan. Ọmọ tó gbé àlàárì wá àti ọmọ iṣẹ́ tí àpò ẹ̀ ya, àwọn wá bá aránṣọ. Bàbá náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ránṣọ, eruku ara ẹ̀rọ ti sọ ọ́ fún wọn, síbẹ̀ wọ́n gbé àga fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni báyìí nílé, ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ kékeré tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ bá a, kó jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń tàn án.

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ yẹn, orí ẹ̀rọ wà lẹ́sẹ̀ mi nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọbìnrin kan wà lórí ọ̀kadà níwájú wa, ó wọ bùbá àdìrẹ, mo rí i pé wọ́n ti fi apá ọ̀tún sí òsì. Mo rí i kedere. Mo fẹ́ pè é kí n sọ fún un. Mo bú sẹ́kún nínú kẹ̀kẹ́, onímárúwá rò pé nǹkan ń dùn mí, ó dúró, mo ní kó máa lọ, kò sí nǹkan.

Àlàárì ti di ìró àti bùbá báyìí. Ó gbà mí lákòókò. Aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń sáré rán, ẹ mọ̀ pé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, ibi tí ọ̀já méjì ti pàdé nípọn, ibi tí sísọ́ọ̀sì bá sì kàn, òwú á máa tú níbẹ̀ tí wọn ò bá tètè fi gọ́ọ̀mù sí i tàbí kí wọ́n dì í. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 ni mo kọ́kọ́ fi sí i, nígbà tó dé ibi tó nípọn gan-an mo pààrọ̀ ẹ̀ sí 18. Ẹ̀rọ náà ò fò lẹ́ẹ̀kan, àní ní ọrùn tó ti di ìlọ́po mẹ́rin, ó gùn ún kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gé e. Iṣẹ́ àbúrò mi ni gígé tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọwọ́ mi á gbọ̀n, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i bó ṣe máa ń sàmì, ìlà àárín kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èjìká, mo sì gé e. Ọmọ wọ̀ ọ́, ó yí po, ó ba lára. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Nísinsìnyí, àwọn nǹkan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù náà, torí ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Kò síbi ìjókòó tó dáa, bẹ́ǹṣì kan ló wà níta, oòrùn ọ̀sán ń pa á, ẹ yáa lọ láàárọ̀. Wọn kì í kọ rìsíìtì. Ẹ lẹ nǹkan tẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sí mọ́ ẹ̀rọ yín, torí àwọn Butterfly tó wà níbẹ̀ jọra wọn, mo sì rí ìyá kan tó ń bá wọn fà á pé èyí kọ́ ni tòun. Kẹrosíìnì pa díẹ̀ nínú àwọn àwòrán wúrà ara tèmi rẹ́, ọmọ iṣẹ́ kan ló fi àkísà nù ún jù, ó dùn mí, mo sọ fún bàbá, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì bá ọmọ náà wí lójú mi. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ wọn kì í gbé fóònù, tó bá ti súnmọ́ Iléyá tàbí Kérésì, ẹ má retí pé wọ́n á tètè ṣe é, ẹ gbé e lọ ṣáájú.

Bàbá tún sọ fún mi pé kì í ṣe dandan kí ẹ̀rọ tí wọn ò lò dì. Èèyàn á máa ro ọ́ìlì funfun ti ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, á máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa sùn, á fi aṣọ bò ó nígbà ọyẹ́ torí eruku. Òróró tá a fi ń dín nǹkan àti ọ́ìlì ọkọ̀, ẹ má ro wọ́n sí i o, wọ́n ní ìyẹn ló ń ba ẹ̀rọ tó pọ̀ jù jẹ́ lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá. Abẹ́rẹ́ tó bá ti kú náà, ẹ jù ú nù, ẹ má fi dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Mo ti gbé tábìlì síwájú ilé báyìí, mi ò tíì gba ṣọ́ọ̀bù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH láti àdúgbò Under G ti ń gbé aṣọ wá díẹ̀díẹ̀, ṣòkòtò tí wọ́n fẹ́ kí n dín kù, síìpù tó bàjẹ́, ọmọ àbúrò mi ló ń júwe mi fún wọn. Mo gbé fóònù nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa pè. Mo ní mò ń bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ wíífù mi, èyí tá a fi ń dí etí aṣọ kó má bàa tú, ṣì wà nínú yàrá, òun náà ti jókòó, òun ló kàn tí mo máa gbé lọ sí Tákíé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ṣáájú mi, ẹ bá mi kí bàbá, ẹ sọ pé ìyá alálàárì ló júwe yín, wọ́n á mọ̀.